Kọ́ńtírò Ọkọ̀ Tó Le: Ẹ Wá Ibi Tí Ẹjọ́ Wà Kí Ẹ Tó Náwó

Bí ẹnikẹ́ni bá gbé ọkọ̀ fáíbà dé ọ̀dọ̀ mi létí omi Ìwọpìn, tó ní, "Ọ̀gá, kọ́ńtírò yìí ti le jù, ẹ bá mi wá òmíràn," n kì í dá a lóhùn lórí ọ̀rọ̀ rírà. Mo máa ń ní kó pa ẹ́ńjìnnì, kó fa okùn tí wọ́n fi ń pa á yọ, kó fi kọ́kọ́rọ́ sápò. Lẹ́yìn náà la óò jọ wá ibi tí líle yẹn ti ń bọ̀. Ọ̀pá kọ́ńtírò, èyí tí awakọ̀ fi ń mú gíà, tó tún fi ń fún ẹ́ńjìnnì níná, kì í ṣàdédé le. Ibi mẹ́ta lẹjọ́ rẹ̀ lè ti wá: inú àpótí kọ́ńtírò tí ọ̀pá náà wà lára rẹ̀, inú kébù, ìyẹn wáyà inú èèpo tó ti ibẹ̀ lọ sídìí ẹ́ńjìnnì, tàbí ara ẹ́ńjìnnì. Ẹni tó bá gba Èkó lọ ra àpótí tòkunbọ̀ láìtíì mọ èwo ni nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó lè gbé e dé, kó dè é tán, kí ọ̀pá ṣì le bó ṣe le lánàá.

Àwọn ọkọ̀ fáíbà àtijọ́ tó ń kó èrò láàárín Ìwọpìn, Ẹ̀pẹ́ àtàwọn abúlé etí ọ̀sà Lekki ni mò ń sọ, tí awakọ̀ ń jókòó síwájú, tí ẹ́ńjìnnì agbára ẹṣin 40 tàbí 75 wà nídìí. Ọkọ̀ igi tí èèyàn ń jókòó sẹ́yìn, tó ń fọwọ́ di apá ẹ́ńjìnnì mú tààrà, kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Kébù méjì ló ti inú àpótí kọ́ńtírò lọ sídìí ọkọ̀. Ọ̀kan ń ṣiṣẹ́ gíà, èkejì ń ṣiṣẹ́ tírótù, ìyẹn eré ẹ́ńjìnnì. Bí ọ̀pá bá wà láàárín, ìyẹn ní fírì, méjèèjì ń sinmi. Ẹ tì í síwájú díẹ̀: kébù gíà nìkan ló máa rìn, ẹ ó gbọ́ "ká" nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì, gíà ti wọlé nìyẹn. Ìgbà tí ẹ bá tì í kọjá ibẹ̀ ni kébù tírótù ṣẹ̀ṣẹ̀ máa bẹ̀rẹ̀ sí í fún ẹ́ńjìnnì níná. Bó ṣe rí náà nìyẹn bí ẹ bá fà á sẹ́yìn fún ríbáàsì. Wọ́n dìídì ṣe é bẹ́ẹ̀ kí gíà má baà máa wọlé lórí eré, torí eyín gíà tó bá wọlé lórí eré, fífọ́ ló ń fọ́. Ẹ má gbàgbé ètò yìí, gíà kọ́kọ́, tírótù tẹ̀lé e, nítorí nígbà tí a bá dé ibi títò, òun náà la óò máa tò.

Kí ẹ tó tú ohunkóhun, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ àpótí tàbí iwájú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ kọ́ńtírò ní ìdè kékeré kan tí wọ́n fi ń pinnu bí tírótù ṣe máa wúwo tó, kí ọ̀pá má baà máa yọ̀ padà fúnra rẹ̀ nígbà tí ìgbì bá ń gbá ọkọ̀. Awakọ̀ kan á fún un le nítorí ìgbì, ẹlòmíràn á gba ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, kò ní mọ̀. Ẹ dẹ̀ ẹ́ díẹ̀ kí ẹ wò ó. Mo ti rí ẹni tó gbówó kébù dání wá, tó jẹ́ pé skúdiráfà nìkan ló rán an padà sílé.

Bí kò bá jẹ́ ìyẹn, ẹ ṣí ìdérí ẹ́ńjìnnì. Ẹ tọ ipa kébù méjèèjì láti ibi tí wọ́n ti wọlé; ẹ ó rí orí kọ̀ọ̀kan tó fi ihò wọ pín, tí kílíìpù kékeré dì í mú. Ẹ fi fóònù ya fọ́tò wọn kí ẹ tó fọwọ́ kàn wọ́n, torí apá tí kébù ń fà lórí ẹ́ńjìnnì mìíràn ní ju ihò kan lọ, àṣìmú ihò kan sì lè bá gbogbo iṣẹ́ jẹ́. Ẹ yọ kébù gíà nìkan kúrò lórí pín rẹ̀. Ẹ padà síwájú, ẹ ti ọ̀pá lọ, ẹ fà á bọ̀. Bó bá ti fúyẹ́, ọ̀dọ̀ gíà ni ìṣòro wà. Bó bá ṣì le, ẹ dá a padà, kí ẹ yọ ti tírótù, kí ẹ tún dán an wò. Bí ẹ bá yọ méjèèjì tí ọ̀pá ò yí ìwà padà, ó ku àpótí àti kébù fúnra wọn. Ẹ tú ẹ̀yìn àpótí, ẹ já orí kébù kúrò níbẹ̀, ẹ wá fọwọ́ ti kébù náà lásán lọ, kí ẹ fà á bọ̀. Kébù tó dáa máa ń rìn lọ́nà kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Èyí tó bá ń há níbì kan, tó tún ń yọ̀ níbì kan, ti lọ nìyẹn.

Bó bá wá jẹ́ pé kébù fúyẹ́, àpótí fúyẹ́, ó di ara ẹ́ńjìnnì. Níbí ni mo ti máa ń bínú sí àwọn ọmọ tó lágbára. Ẹ fọwọ́ ti apá gíà lára ẹ́ńjìnnì, ṣùgbọ́n kí ẹnì kejì máa fọwọ́ yí pùròpélà jẹ́jẹ́. Ohun tó wà nínú gíà ìsàlẹ̀ ni eyín tó ń wọ àlàfo eyín ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá dúró, eyín lè kọjú séyín, kò ní wọlé bó ti wù kí ẹ tì í tó. Ẹ yí pùròpélà díẹ̀, yóò bọ́ sáyè rẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀, á fi gbogbo ara ti ọ̀pá níwájú, orí kébù á tẹ̀, á wá ní kébù ni kò dáa. Ẹ sì rí i pé okùn tí wọ́n fi ń pa ẹ́ńjìnnì ti yọ kí ọwọ́ ẹnikẹ́ni tó kan pùròpélà.

Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kébù ló pọ̀ jù. Omi ọ̀sà Lekki kì í sábà níyọ̀, ìyẹn ni kébù wa fi ń pẹ́ díẹ̀. Ọkọ̀ tó bá ń ti ìhà Mákùn-Ọmi wá, níbi tí òkun ti sún mọ́ wọn, kébù rẹ̀ kì í dàgbà. Ọjọ́ kan ni mo fi ayùn gé ògbólógbòó kan sí méjì níwájú ọmọ iṣẹ́ mi. Èèpo òde rẹ̀ ṣì ń dán, kò sí ibi tó ti là. Bí ayùn ṣe wọlé, omi pupa rúsúrúsú kán sórí pákó. Àwọn wáyà tín-ín-rín tí wọ́n fi wé ike inú rẹ̀ ti wú, wọ́n ń ṣí bọ́ lọ́wọ́, ike àárín sì ti fún mọ́ irin tó yẹ kó máa yọ̀ nínú rẹ̀. Ọmọ náà ní, "Ọ̀gá, ẹ̀yìn rẹ̀ mà mọ́!" Ẹ̀yìn ló mọ́ lóòótọ́. Orí ni omi ti ń wọ̀ ọ́, níbi tí rọ́bà tó bo irin orí rẹ̀ ti gbó.

Nítorí náà ni n kì í fi bá ẹnikẹ́ni rọ epo sínú kébù ọkọ̀. Wọ́n á ní kí n fi sírínjì tì í wọlé, wọ́n á ní ó ṣiṣẹ́ fún ẹnì kan ní Ẹ̀pẹ́. Ó lè fúyẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan, ṣùgbọ́n wáyà tó ti wú kò ní torí epo fọn. Orí irin tó yọ síta nìkan ni kí ẹ máa fi gírísì pa. Èyí tó bá ti ń há nínú, ẹ yọ ọ́ jù nù.

Èyí tó tún burú jù ni ti wáyà ọ̀kadà. Ọkọ̀ èrò kan dé ọ̀dọ̀ mi tí wọ́n ti fi wáyà búréèkì ọ̀kadà so tírótù. Fífà nìkan ni wáyà ọ̀kadà mọ̀, sípíríǹgì ló ń dá a padà fún un. Kébù ọkọ̀ omi ń fà, ó sì ń tì. Bí awakọ̀ bá dá ọ̀pá padà kí iná wálẹ̀, tí wáyà ọ̀kadà wá ká kò sínú èèpo rẹ̀, iná á dúró sókè, èbúté á sì máa bọ̀ wá pàdé yín. N kò bi wọ́n pé ta ló ṣe é. Mo kàn ní kí gbogbo èrò sọ̀ kalẹ̀.

Bí ọ̀kan nínú kébù méjèèjì bá bàjẹ́, ẹ ra méjì. Alàájì kan tó ní ọkọ̀ nílẹ̀ yìí bá mi jà lórí ẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ̀yin mẹkáníìkì yìí náà! Ọ̀kan ló kú, ẹ ní kí n ra méjì."

"Alàájì, ọjọ́ kan náà ni wọ́n wọ ọkọ̀ yín. Omi kan náà ló ń wọ̀ wọ́n. Bí mo bá tún wá tú àpótí yìí nígbà tí òjò bá dé, owó iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni o."

Ìjẹ̀bú lèmi àtiẹ̀. Ó ṣírò ó, ó dákẹ́, ó ra méjì.

Ní ti gígùn, ẹ má fojú wọ̀n ọ́n. Ẹ mú téèpù, ẹ wọ̀n láti àárín àpótí kọ́ńtírò, kí ẹ tọ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ níbi tí kébù máa gbà gan-an dé ìdí ọkọ̀, kí ẹ wá wọ̀n ọ́n láti ẹ̀gbẹ́ dé àárín ẹ́ńjìnnì. Ẹ fi fíìtì 4 kún un, torí kébù gbọ́dọ̀ ká bí òrùka kan nídìí ọkọ̀ kí ẹ́ńjìnnì lè máa yí sọ́tùn-ún sósì, kó sì lè dìde sókè. Bó bá jẹ́ fíìtì 13 ààbọ̀ lẹ ní, ẹ ra 14. Kébù tó bá kúrú, bí awakọ̀ bá ṣẹ́ kọ̀nà pátápátá, ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ á fa gíà kúrò láyè. Èyí tó bá gùn jù, ẹ ó kàn máa wá ibi tí ẹ máa ká a sí, ìṣẹ́po kọ̀ọ̀kan sì ń fi líle kún ọ̀pá. Bí ti àtijọ́ bá gùn dáadáa, ẹ wo nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára rẹ̀. Lórí ọ̀pọ̀ nínú wọn, méjì tó kẹ́yìn ni iye fíìtì rẹ̀.

Orí kébù kò dọ́gba o. Kébù tí wọ́n ń pè ní 33C bá ẹ́ńjìnnì Yamaha àtàwọn mìíràn mu pẹ̀lú orí tí wọ́n ń dè mọ́ ọn, ṣùgbọ́n Mercury ní orí tirẹ̀ tí kò jọ ọ́. Ẹ gbé ògbólógbòó dání lọ sọ́jà, kí ẹ gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí tábìlì ẹni tó ń tà á. Bó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ gbé àpótí ilé-iṣẹ́ kan fún ẹ́ńjìnnì ilé-iṣẹ́ mìíràn, ẹ rò ó dáadáa. Àpótí kan ń fa kébù láti ṣí tírótù, òmíràn ń tì í. Ti gíà náà lè lòdì, kí ẹ ti ọ̀pá síwájú kí ọkọ̀ máa lọ sẹ́yìn. N kì í gba irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ bí mo bá rí èyí tó bára mu.

Ó di títú. Orí bátìrì ni kí ẹ kọ́kọ́ já, ti nẹ́gẹ́tíìfù ṣáájú, torí wáyà iná wà nínú àpótí yẹn. Ẹ tú àwọn bóòtì tó dì í mọ́ ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, ẹ gbé e wá sórí tíréè tí ẹ tẹ́ aṣọ funfun sí. Aṣọ funfun kì í ṣe fáàrí. Inú àpótí ní sípíríǹgì àti rólà kékeré tó ń mú kí ọ̀pá dúró ṣinṣin ní fírì, bí ẹ bá ṣí ìdérí láìdi àárín rẹ̀ mú, wọ́n á fò. Bí ọ̀kan bá bọ́ sínú omi tó wà lábẹ́ pákó ọkọ̀, iṣẹ́ di ọ̀la. Ẹ ya fọ́tò ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá fẹ́ yọ nǹkan. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì àti kẹrosíìnì fọ gírísì àtijọ́ tó ti gan, ẹ nù ún gbẹ. Ẹ wo àwọn bọ́ọ̀ṣì oníke, ìyẹn ike roboto tí irin ń yí nínú rẹ̀, bóyá wọ́n ti jẹ di gbọrọgbọrọ, ẹ wo eyín, ẹ wo sípíríǹgì bóyá ó ti dógùn-ún. Bó bá jẹ́ bọ́ọ̀ṣì tàbí sípíríǹgì ló lọ, ẹ wá òun nìkan rà. Bó bá jẹ́ eyín ló ti jẹ, tàbí ara àpótí fúnra rẹ̀ ló ti sán, ẹ wá òdindi àpótí mìíràn. Ẹ̀mí èrò kì í ṣe ohun tí à ń fi gọ́ọ̀mù lẹ̀. Gírísì tuntun tí ẹ máa fi sí i, kó jẹ́ èyí tí omi kì í fọ̀ lọ.

Kí ẹ tó fa kébù àtijọ́ yọ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, ẹ so okùn tó lágbára mọ́ ìdí rẹ̀. Bí àtijọ́ ṣe ń jáde, okùn á máa wọlé rọ́pò rẹ̀; òun lẹ máa fi fa tuntun. Ẹ má jẹ́ kó ṣẹ́ kọ́rọ́ níbì kankan. Bí ó bá fẹ́ yí, kó yí gbọ̀ọ̀rọ̀, kí láti àárín yíyí rẹ̀ sí etí má dín ní ìnṣì 8. Kó jìnnà sí orí bátìrì àti rọ́bà epo. Kó má sì gba ibi tí èrò ń gbẹ́sẹ̀ lé tàbí tí wọ́n ń ju àpò gàrí sí, torí ibẹ̀ gan-an ni èèpo rẹ̀ ti ń là. Ẹ fi kílíìpù dì í mọ́ ẹ̀gbẹ́, ṣùgbọ́n ibi tó kẹ́yìn, níbi tí ẹ́ńjìnnì ti ń yí, ẹ jẹ́ kó rìn bó ṣe fẹ́.

Títò ni ibi tí ẹ ò gbọdọ̀ kánjú. Gíà ló ṣáájú. Ẹ fi ọ̀pá sí fírì. Ẹ fi apá gíà ẹ́ńjìnnì náà sí fírì. Ẹ ó mọ̀ ọ́n nítorí pùròpélà á máa yí fàlàlà sápá méjèèjì. Ẹ yí orí kébù wọ ìdí irin kébù, kí òwú rẹ̀, ìyẹn ìlà yíyípo tí a fi ń yí i wọlé bíi ti bóòtì, tó wọlé má dín ní mílímítà 8. Ẹ má fi èyí ṣeré. Mo ti bá orí kébù tó kàn di òwú méjì mú pàdé, tó fẹ́ yọ bọ́. Ẹ rọra fa kébù kí ẹ gba dídẹ̀ inú rẹ̀ kúrò, kí ẹ wá máa yí orí náà títí ihò rẹ̀ á fi bọ́ sórí pín fúnra rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ẹ gbọ́dọ̀ ti apá ẹ́ńjìnnì díẹ̀ kó tó wọ̀, kò tíì pé. Ẹ fi kílíìpù dì í, ẹ fún nọ́ọ̀tì ìdè mọ́ ọn.

Kí ẹnì kejì wá yí pùròpélà bí ẹ ṣe ń ti ọ̀pá lọ síwájú. Ẹ wo ibi tí ọ̀pá dé kí gíà tó wọlé. Ẹ dá a padà, ẹ ṣe ti ẹ̀yìn. Ọ̀nà tí ọ̀pá rìn síwájú àti èyí tó rìn sẹ́yìn kí gíà tó mú, kí wọ́n dọ́gba. Bí iwájú bá tètè mú tí ẹ̀yìn ń pẹ́, ẹ yọ kílíìpù, ẹ yí orí kébù díẹ̀ sí i. Ọkọ̀ tó bá mú gíà ẹ̀yìn láàbọ̀ á máa fò nínú ríbáàsì, eyín á sì máa jẹ títí gíà ìsàlẹ̀ á fi béèrè owó tí kébù mẹ́wàá kò ní béèrè.

Tírótù rọrùn jù ú lọ. Ọ̀pá ní fírì, apá tírótù lórí ẹ́ńjìnnì kó ti fara kan ibi tó ń dúró sí nígbà tó bá pa dé. Orí kébù kó wọ pín láìgbé apá náà kúrò níbẹ̀. Òwú mílímítà 8 náà ni. Ẹ wá ti ọ̀pá dópin síwájú, kí apá tírótù dé ibi tó ń dúró sí nígbà tó bá ṣí tán, kó má sì tẹ̀ kébù kọjá ibẹ̀. Bí ẹ bá tan ẹ́ńjìnnì lẹ́yìn náà tó ń ké sókè ní fírì, kébù ló ń di tírótù mú ní ṣíṣí. Ẹ yí orí rẹ̀ padà díẹ̀, ẹ má lọ bá ìdè kábúrétọ̀.

Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí gbogbo awakọ̀ mọ̀. Ìdí tí ẹ́ńjìnnì kì í fi gba kọ́kọ́rọ́ bí ọ̀pá ò bá sí ní fírì ni súwíìṣì kékeré kan. Lórí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí wọ́n ń fi kọ́ńtírò wà, inú àpótí níwájú ni súwíìṣì yẹn wà, kò sí lára ẹ́ńjìnnì. Ibi tí ọ̀pá wà nìkan ló mọ̀. Bí kébù gíà bá já, tàbí tí wọ́n tò ó lódì, ọ̀pá lè wà ní fírì kí gíà wà nínú ẹ́ńjìnnì. Ẹ yí kọ́kọ́rọ́, ẹ́ńjìnnì á gbà, ọkọ̀ á sì fò síwájú pẹ̀lú ẹni tó ṣì ń gun orí rẹ̀. Nítorí náà, bí kébù gíà bá já lójú ọ̀sà, ẹ kọ́kọ́ pa ẹ́ńjìnnì, kí gbogbo èrò jókòó pẹ̀lú láífù jákẹ́ẹ̀tì lọ́rùn, kí ẹ ṣí ìdérí, kí ẹ fọwọ́ ti apá gíà síwájú, kí ẹ wá tan án pẹ̀lú tírótù nílẹ̀ pátápátá. Ẹ ó rìn délé, ṣùgbọ́n ẹ ò ní fírì, ẹ ò ní ríbáàsì. Okùn tí ẹ fi ń pa ẹ́ńjìnnì nìkan ni búréèkì yín. Ẹ tètè fà á kí ẹ tó kan èbúté.

Lẹ́yìn títò, inú omi la ti ń dán an wò. Ẹ́ńjìnnì tí ẹ bá tan lórí ilẹ̀ láìsí omi á jó rọ́bà tó ń fa omi tútù sínú rẹ̀. Ẹ so ọkọ̀ mọ́ èbúté níwájú àti lẹ́yìn pẹ̀lú okùn tó lágbára, ẹ tan án, ẹ rí i pé omi ń tú jáde lára ẹ́ńjìnnì. Ní iná kékeré, ẹ mú un síwájú, kó fa okùn. Ẹ dá a sí fírì, kí okùn dẹ̀. Ẹ mú un sẹ́yìn, kó fa okùn òdìkejì. Ẹ ṣe é títí ọwọ́ yín á fi mọ ibi tí gíà ti ń wọlé láìwojú ọ̀pá. Ẹ yí ẹ́ńjìnnì sọ́tùn-ún dópin, ẹ tún un ṣe. Ẹ yí i sósì, ẹ tún un ṣe. Bí gíà bá ń yọ nígbà tí ẹ́ńjìnnì yí sápá kan, kébù ti há níbì kan nídìí ọkọ̀, ẹ lọ tú kílíìpù tó kẹ́yìn.

Lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá ti lọ Ẹ̀pẹ́ bọ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ kan, ẹ tún ṣí ìdérí ẹ́ńjìnnì, kí ẹ fi sípánà kan nọ́ọ̀tì ìdè méjèèjì wò. Ọ̀kan nínú wọn sábà máa ń gba díẹ̀ sí i.